Ẹlẹ́rìí ni wọ́n kọ́kọ́ pè wọ́n

Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2010, ọmọkùnrin ẹni ọdún 23 kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí kò ṣe ṣe rí ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Orúkọ Yorùbá ni wọ́n sọ ọ́. Ó ti kàwé gboyè ní yunifásítì, kò ní ìtàn àìsàn ọpọlọ kankan, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n sí oníjàgídíjàgan. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí. Bí ẹjọ́ rẹ̀ ṣe rìn ni mo fẹ́ ká tẹ̀ lé, ibi tó ti ṣìnà àti ibi tí àwọn ẹbí ti fà á padà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń bá ẹbí rìn lẹ́yìn irú ikú báyìí kì í mọ̀ pé wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń pinnu ọdún púpọ̀ tó ń bọ̀.

Àwọn ẹbí rẹ̀ ṣe ohun tí àwọn dókítà máa ń bẹ̀ wá pé ká ṣe. Wọn kò tì í mọ́ yàrá, wọn kò sì sọ pé ká kọ́kọ́ gbàdúrà ná títí ọ̀rọ̀ yóò fi bọ́ sórí. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tó dé ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ tí wọ́n darí wọn sí, òun fúnra rẹ̀ ló gbà láti dúró. Kò sí ẹni tó fi òfin mú un nígbà náà. Ìdílé náà gbà pé ibẹ̀ ni ààbò wà, wọ́n sì padà sílé lálẹ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ọmọ náà fẹ́ máa lọ, àwọn òṣìṣẹ́ kò jẹ́ kó lọ, wọ́n sì lo òfin ìlera ọpọlọ láti dá a dúró. Ara rẹ̀ gbóná. Wọ́n ní ó ba ilẹ̀kùn kan jẹ́, ni wọ́n bá pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá 11 ni ọwọ́ wọn kan ìdìmú rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, nínú yàrá àdádó ilé ìwòsàn náà gan-an. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dì í mọ́lẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ sì lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wọ́n dè é ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, wọ́n fi okùn di ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi kóńdó nà án. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wà nítòsí. Nígbà tó dákẹ́ tí ara rẹ̀ rọ, wọ́n rò pé ó ń díbọ́n ni, wọ́n sì jáde fi í sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Kò mí mọ́. Wọ́n gbìyànjú láti jí i, ẹ̀rọ gbé ẹ̀mí rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ náà rọ̀ mọ́. Bí a bá dojú ènìyàn bolẹ̀, tí a fi ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi ìwúwo wọn tẹ èjìká, ẹ̀yìn àti itan rẹ̀, àyà rẹ̀ kò ní àyè láti fẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò rí èémí mí yóò jà. Yóò gbé orí, yóò fi orúnkún ti ilẹ̀, yóò máa gbìyànjú láti yí sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó dì í mú á rò pé agídí ló ń ṣe, á sì tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Bí èémí bá wá tán pátápátá, ìjà náà á dópin lójijì, ẹni tó dì í mú á sì rò pé ó ti gbọ́ràn. Ewu yìí kì í ṣe ohun tuntun ní 2010; ó ti pẹ́ tó ti wà nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọlọ́pàá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí olùwádìí kọ́kọ́ bi ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn 11 náà kò le: Ibo ni ọwọ́ rẹ wà? Orúnkún rẹ ńkọ́? Ìgbà wo ni o rí i pé kò mira mọ́, kí lo sì ṣe?

Ìbéèrè yẹn ni wọn kò bi wọ́n bó ṣe yẹ. IPCC, àjọ tó ń wádìí ẹ̀sùn lórí ọlọ́pàá nígbà náà, gba ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ni wọ́n ka àwọn ọlọ́pàá náà sí. Wọn kò kà wọ́n sí afurasí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ pọ̀ gan-an. Ẹlẹ́rìí ń sọ ohun tó fẹ́ sọ, ó ń kọ ọ́ bó ṣe fẹ́ kí wọ́n kà á. Afurasí ni wọ́n ń kìlọ̀ fún kí wọ́n tó bi í léèrè, òun ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ wé ti ẹlòmíràn láti mọ ibi tí wọn kò ti bára mu, òun ni wọ́n ń ní kó ṣàlàyé ohun tó fojú ara rẹ̀ rí àmọ́ tí kò kọ. Ènìyàn kan kú lẹ́yìn tí ọlọ́pàá 11 dì í mú, àjọ tó yẹ kó dúró láàárín sì wá gba ìtàn àwọn 11 náà bí ẹni ń gba ẹ̀rí ọ̀dọ̀ èrò tó ń kọjá lọ. Ẹni tó lè jẹ́rìí sí òdìkejì ti kú. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni, àwọn bàbá wa ti wí bẹ́ẹ̀.

Àbọ̀ ìwádìí náà jáde, ìbànújẹ́ ìdílé sì di méjì. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló máa ń dúró síbí. Ìwé ìjọba ti dé, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, gbogbo ènìyàn ń sọ pé kí wọ́n fi fún Ọlọ́run. Àwọn ará ilé lọ́hùn-ún á ní ṣebí ìlú òyìnbó ni, bí ẹ̀bi bá wà níbẹ̀ òfin á ti rí i. Ìdílé yìí kò gbà. Wọ́n wá agbẹjọ́rò tó mọ iṣẹ́ náà, wọ́n bá INQUEST ṣiṣẹ́, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981 tó ń ran ẹbí àwọn tó kú lọ́wọ́ ìjọba lọ́wọ́, wọ́n sì ka àbọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ìṣòro kan wà tí kì í hàn sí ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ yìí. Nígbà náà, bí IPCC bá ti parí àbọ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò lágbára láti kàn ṣí ìwádìí náà padà, bó tilẹ̀ rí i pé ó ṣàṣìṣe. Ilé ẹjọ́ nìkan ló lè wọ́gi lé e. Nígbà tí àwọn agbẹjọ́rò ìdílé náà fi ẹ̀rí hàn pé ìwádìí àkọ́kọ́ kò tó, àjọ náà gbà pẹ̀lú wọn, àwọn méjèèjì sì wá dúró sápá kan náà níwájú Ilé Ẹjọ́ Gíga. Ní 2013, ilé ẹjọ́ wọ́gi lé àbọ̀ náà kí ìwádìí ọ̀daràn lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ní tèmi, ibí yìí ni ẹjọ́ náà ti yí padà. Kì í ṣe pé adájọ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tó ṣe ni pé ó mú ìtàn tí ọlọ́pàá fúnra wọn sọ kúrò lórí àga tó jókòó sí, kí ìtàn mìíràn lè rí àyè.

Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ti lọ. Ohun tí a kò bi ènìyàn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sí bí a ṣe fẹ́ bi í lẹ́yìn ọdún mẹ́ta kí ó tún rí bákan náà. Lọ́yà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti ka gbogbo ìwé, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́.

Ní 2015, CPS, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń gbé ẹjọ́ ọ̀daràn lọ sílé ẹjọ́, sọ pé àwọn kò ní pe ọlọ́pàá kankan lẹ́jọ́ lórí ikú náà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí ènìyàn nínú, àmọ́ ẹni tó ń ran ẹbí lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé ìdí tó fi máa ń rí bẹ́ẹ̀. Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, ẹ̀rí gbọ́dọ̀ dá júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́, lójú débi tí kò fi ní sí iyèméjì tó nídìí. Bí ọwọ́ 22 bá wà lára ènìyàn kan, ta ni ọwọ́ rẹ̀ pa á? Olúkúlùkù á ní ẹsẹ̀ nìkan lòun dì mú, pé òun kò rí iwájú rẹ̀. Bí ẹ̀rí ọjọ́ àkọ́kọ́ kò bá ti so ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe mọ́ ìṣẹ́jú tó ṣe é, ẹ̀bi á túká sáàárín èrò. Wọ́n kọ́kọ́ pè wọ́n ní ẹlẹ́rìí ní 2010. Ní 2015 ni àbájáde rẹ̀ tó wá hàn.

Ní ọdún 2015 kan náà, Theresa May, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà, kéde àyẹ̀wò olómìnira lórí ikú tó ń ṣẹlẹ̀ ní àhámọ́ ọlọ́pàá, lẹ́yìn tó ti pàdé àwọn ẹbí tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, ìdílé yìí sì wà lára wọn. Àwọn ènìyàn máa ń fojú kéré irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Èmi kò fojú kéré é. Àwọn òbí tí wọ́n jókòó síwájú mínísítà tí wọ́n sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú ṣe ohun tí fáìlì kankan kò lè ṣe.

Ìwádìí ikú wá bẹ̀rẹ̀ nílé ẹjọ́ kan ní Croydon, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, níwájú júrì. Ó ti lé ní ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti sin ọmọ wọn. Irú ilé ẹjọ́ yìí kì í rán ẹnikẹ́ni lọ sẹ́wọ̀n. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti sọ ẹni tó kú, ibi tó kú sí, ìgbà tó kú àti bí ikú náà ṣe wáyé. Nítorí bẹ́ẹ̀, àwọn kan á sọ pé kò lérè. Wọ́n ṣìnà pátápátá. Níbẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá náà ti gun àga ẹlẹ́rìí, tí agbẹjọ́rò ìdílé sì bi wọ́n ní ìbéèrè lójú gbogbo ayé. Níbẹ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ti ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọn kò ṣe.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún 2017, júrì sọ̀rọ̀. Wọ́n ní agbára tí àwọn ọlọ́pàá lò pọ̀ jù, pé kò mọ́gbọ́n dání, pé kò bá ohun tó wà nílẹ̀ mu, àti pé ó wà lára ohun tó fa ikú náà. Wọ́n ní nígbà tí ara ọmọ náà rọ, ó yẹ kí àwọn ọlọ́pàá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti di ti pàjáwìrì, kí wọ́n sì ṣe ìtọ́jú ìdóòlà ẹ̀mí fún un, wọn kò sì ṣe é. Wọ́n bá ilé ìwòsàn náà wí pẹ̀lú. Kí ni ó mú kí júrì lè sọ èyí lẹ́yìn tí CPS ní ẹ̀rí kò tó? Ohun méjì ni. Àkọ́kọ́, ìwọ̀n ẹ̀rí tí wọ́n nílò kéré sí ti ẹjọ́ ọ̀daràn: kí ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ ju kó má rí bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì, wọn kò ní láti yọ ẹnìkan ṣoṣo jáde. Wọ́n lè wo gbogbo àwọn 11 náà pa pọ̀ kí wọ́n sì sọ pé ohun tí ẹ ṣe lápapọ̀ ló pa á. Ní ìgbà náà, kí júrì ìwádìí ikú tó lè pe ikú ní ìpànìyàn tí kò bófin mu, ìwọ̀n ẹ̀rí ti ẹjọ́ ọ̀daràn ni wọ́n gbọ́dọ̀ bá. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Bìrìtìkó yí ìyẹn padà ní oṣù kọkànlá 2020. Agbẹjọ́rò tó bá ń gba ẹjọ́ irú rẹ̀ lónìí ní ilẹ̀kùn kan tó ṣí sílẹ̀ tí àwọn ẹbí yìí kò ní.

Ọ̀rọ̀ owó náà tún wà níbẹ̀ nígbà náà. Àwọn ọlọ́pàá ní agbẹjọ́rò tí owó ìlú ń san fún. Ilé ìwòsàn ní tirẹ̀. Ìdílé tó ń ṣọ̀fọ̀ ni wọ́n ní kó wá fi ìwé owó oṣù àti ìwé ilé hàn kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ìjọba á ràn án lọ́wọ́. Mo ka èyí sí ìwà ìkà, mi ò sì mọ ọ̀nà tí mo fi lè pè é ní orúkọ mìíràn.

Lẹ́yìn ìdájọ́ júrì, mẹ́fà nínú àwọn ọlọ́pàá náà fojú ba ìgbẹ́jọ́ ìbáwí ti iléeṣẹ́ wọn ní ọdún yẹn kan náà. Ìgbìmọ̀ náà kò dá ẹnikẹ́ni nínú wọn lẹ́bi ìwà àìtọ́ ńlá tí wọ́n fi kàn wọ́n. Kò sí ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń retí pé ìdájọ́ júrì á fa ti ìbáwí lọ́wọ́ wá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, olúkúlùkù ló ní ìlànà tirẹ̀. Kí a sọ fún ẹbí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ.

Àbọ̀ àyẹ̀wò tí May pàṣẹ, èyí tí Elish Angiolini darí, jáde ní oṣù kẹwàá 2017 pẹ̀lú àbá 110. Lára wọn ni pé kí àwọn ọlọ́pàá tí ọ̀rọ̀ kàn má ṣe jókòó pọ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kọ ohun tí wọ́n rí, àti pé kí ìjọba sanwó agbẹjọ́rò fún ẹbí láìbéèrè iye tó ń wọlé fún wọn. Ní ọdún kan náà, Steve Reed, aṣòfin tó ń ṣojú Àríwá Croydon nígbà náà, gbé àbá òfin kan wá sílé ìgbìmọ̀ nítorí ọmọ yìí. Aṣòfin kan fi ọ̀rọ̀ gígùn gba àkókò mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan ní oṣù kẹfà 2018, ìyá ọmọ náà sì ṣì ń bá a lọ láìṣàárẹ̀. Àbá náà di òfin ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2018, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2022.

Òfin náà sọ pé ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ ní ẹnìkan ní ipò gíga tí ọ̀rọ̀ lílo agbára wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ òṣìṣẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀tọ́ aláìsàn fún un, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìgbà tí wọ́n bá lo agbára sílẹ̀: ìdí rẹ̀, irú èyí tí wọ́n lò, bó ṣe pẹ́ tó, ẹ̀yà aláìsàn náà. Ti ẹ̀yà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, nítorí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí a bá fi wé iye ènìyàn wọn, iye ìgbà tí wọ́n ń fi òfin ìlera ọpọlọ mú aláwọ̀ dúdú ju ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun lọ. Ọlọ́pàá tó bá sì wá ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ kámẹ́rà àyà, kó sì tàn án, bó bá ti ṣeé ṣe.

Sí ẹ̀yin tí ẹ ń gba ìpè ẹbí lóru: ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa kọ sí olùwádìí ni ìbéèrè kan ṣoṣo, pé ẹlẹ́rìí ni ẹ ka àwọn ọlọ́pàá wọ̀nyí sí ni àbí afurasí, kí sì nìdí? Ẹ bèèrè rẹ̀ nínú ìwé, ẹ sì kọ ọjọ́ sí i. Ẹ béèrè kí wọ́n tọ́jú ohùn rédíò ọlọ́pàá, àwòrán kámẹ́rà àyà àti ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, àti ìwé wọ́ọ̀dù ti ọjọ́ náà, nítorí àwọn nǹkan yìí máa ń pòórá láìsí ẹni tó ní ète ibi. Ìwé tí ẹ bá kọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ẹ máa gbé síwájú adájọ́ bí ẹjọ́ bá di ti Ilé Ẹjọ́ Gíga.

Ọ̀rọ̀ ìsìnkú le láàárín wa. Àwọn àgbà á fẹ́ kí òkú tètè wọlẹ̀, ìpè á máa wá láti Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú pé kí lẹ ṣì ń dúró dè. Ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn pé ẹbí lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè kí dókítà mìíràn tí wọ́n fọkàn tán yẹ òkú náà wò, àti pé lẹ́yìn ìsìnkú ó ṣòro. Mo ti rí i pé bí a bá rán ẹnìkan tó jẹ́ àgbà nínú ẹbí láti bá wọn sọ ọ́, wọ́n máa ń gbọ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ tan yín. Ẹni tó fẹ́ kí Ilé Ẹjọ́ Gíga yẹ ìpinnu ìjọba wò ní oṣù mẹ́ta péré, ó sì gbọ́dọ̀ tètè dé. Ẹ̀sùn lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 1998 ní ọdún kan. Láti 2013, ẹbí lè ní kí CPS tún ìpinnu wọn láti má pe ẹjọ́ yẹ̀ wò. Kò sí èyí tó ń dúró de ìparí ọ̀fọ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń ṣe nọ́ọ̀sì àti olùtọ́jú ní wọ́ọ̀dù irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí náà ẹ̀yin náà ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá pe ọlọ́pàá, aláìsàn náà ṣì jẹ́ ti yín. Kí ẹnìkan nínú yín dúró síbi orí rẹ̀, kó máa wo ojú rẹ̀ àti àyà rẹ̀, kó máa wo aago, kó máa pe iye ìṣẹ́jú sókè kí gbogbo wọn gbọ́. Bí wọ́n bá dojú rẹ̀ bolẹ̀, ẹ ní kí wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́. Bó bá dákẹ́ lójijì, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó ń díbọ́n. Ẹ fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ẹ wá ìlùkìkì ọkàn rẹ̀, ẹ sì kọ àkókò tí ẹ ṣe é àti nọ́ńbà tó wà léjìká ọlọ́pàá tó dáhùn sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní yàrá náà.